Ọjọ́ Méje-Méje Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà

Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà kò lóyún. Mo fẹ́ fi èyí lélẹ̀ ná, nítorí láti ìgbà ooru tó kọjá ni wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri Rye Lane, láti ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja títí dé ọ̀dọ̀ àwọn onídìrí, pé obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, tó ti di opó láti ọdún mẹ́sàn-án, fẹ́ bímọ bíi Sérà inú Bíbélì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní ó ti gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Kò rí bẹ́ẹ̀ náà. Àwọn tó sún mọ́ òtítọ́ jù ní wọ́n gbé ọ̀rá tó tó odindi iṣu jáde nínú rẹ̀. Kò tó iṣu, kì í sì í ṣe ọ̀rá lásán. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí àwọn ènìyàn lè rí nǹkan gidi sọ.

Kánsọ́lá lorúkọ rẹ̀. Ó ti ń gbé Peckham láti ọdún 1991, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Forest Hill, níbi tó ti ń wẹ̀ fún wọn, tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, tó sì ń bá wọn wí bí wọn kò bá jẹun tán. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ọlátòkunbọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kánsù ní Catford. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ Forest Hill ló sọ Kánsọ́lá di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Ìjọ aláṣọ funfun tó ń lọ wà lẹ́yìn Old Kent Road, nínú ilé ńlá kan tí wọ́n ti ń kó táìlì sí tẹ́lẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọdún méjìlélógún ni Kánsọ́lá fi dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn obìnrin níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé bàtà ti kúrò lẹ́sẹ̀, pé ìborí wà lórí, pé àmùrè le dáadáa. Olórí iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kò gbọdọ̀ kọjá. Nínú ìjọ wọn, irú obìnrin bẹ́ẹ̀ á dúró síta títí ọjọ́ méje á fi pé, á wẹ̀, kó tó wọlé. Kánsọ́lá á rọra súnmọ́ ọmọbìnrin, á bi í pé, “Ṣé o mọ́?” Ó ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lòun fi ń bèèrè. Mo ní láti tún èyí ṣe: àwọn tó ń fọ mọ́tò náà ń gbọ́ ọ.

Ẹni tí kò bá mọ́ ní àga. Àga ṣiṣu mẹ́ta ni, funfun, tí Kánsọ́lá tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa ìdọ̀tí, níbi tí omi àwọn afọmọ́tò ti máa ń ta sí ènìyàn lára. Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin ṣàròyé, ó ní omi kì í pa ènìyàn. Nígbà tí wọ́n ní àwọn kò gbọ́ ìwàásù, ó ní kí wọ́n ka Bíbélì wọn.

Ní oṣù kẹrin ọdún tó kọjá, lọ́jọ́ Sátidé kan, bó ṣe ń lọ aṣọ funfun rẹ̀ lọ́wọ́, ó rí ẹ̀jẹ̀. Kò pọ̀. Ọdún mẹ́rìnlá sì ti kọjá tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró. Ẹlòmíràn ì bá pe dókítà. Kánsọ́lá wo kàlẹ́ńdà. Ó mú báírò, ó fi òdo yí ọjọ́ náà po, ó ka méje, ó sì gbé aṣọ funfun padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Òfin ni òfin.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ yìí kò mọ òfin. Á dúró fún ọjọ́ márùn-ún, á tún yọ díẹ̀ lọ́jọ́ kẹfà. Kánsọ́lá á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Á ku ọ̀la kí méje pé, ẹ̀jẹ̀ á dé. Láti oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló wọ ṣọ́ọ̀ṣì, kàlẹ́ńdà ilé ìdáná rẹ̀ sì dà bí ìwé ọmọ tí kò mọ ìṣirò.

Ó sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé iṣẹ́ ń bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi. Irọ́ ni, irọ́ sì máa ń yọ ọ́ lẹ́nu. Nítorí náà, ó ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan, á gbé mọ́tò rẹ̀ sí ìpẹ̀kun ibi ìgbọ́kọ̀sí, á sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀, á máa gbọ́ orin láti inú páànù ilé náà. Kò lè jókòó sórí àga ṣiṣu. Ta ni ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin tó máa jókòó síbẹ̀? Kí ló máa sọ?

Ohun kan tún wà tí kò kọ sórí kàlẹ́ńdà. Ikùn rẹ̀ ń yọ. Àmùrè tó máa ń wé ẹ̀ẹ̀mejì kò wé ju ẹ̀ẹ̀kan àti ààbọ̀ lọ mọ́. Ó tún ń tọ̀ ní gbogbo ìgbà, tó fi jẹ́ pé ó mọ gbogbo ilé ìtọ̀ tó wà láàárín Peckham àti Forest Hill.

Wùmí ló tú ọ̀rọ̀ náà síta. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni Wùmí, Peckham ni wọ́n bí i sí, òun sì ni igbákejì Kánsọ́lá lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, òun náà wà nínú ọjọ́ tirẹ̀, ó jókòó sórí àga, omi ta sí i lójú, ó dìde láti wá ibi gbígbẹ, ló bá rí ọ̀gá rẹ̀ nínú mọ́tò.

“Mummy, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ ò wọlé?”

“Mo ń gba atẹ́gùn.”

“Nínú mọ́tò? Láti bíi wákàtí méjì?”

“Ìwọ ńkọ́, kí lo ń ṣe níta?”

“Ah, Mummy, ẹ mọ̀ now.” Wùmí tẹ orí wọlé láti ojú gíláàsì, ojú rẹ̀ sì bà sórí ikùn tó fẹ́ kan ìdarí mọ́tò. “Ẹ má bínú sí mi o. Mo kàn fẹ́ bèèrè ni. Ṣé òótọ́ ni pé ẹ lóyún?”

Kánsọ́lá fa báàgì rẹ̀ bo ikùn.

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Everybody. Wọ́n ní Wòlíì ti sọ ọ́ ní January pé nǹkan tuntun máa hù nínú ìyá àgbà kan. WhatsApp àwọn choir ti gbóná, Mummy. Wọ́n ti ń yan orúkọ. Ìsáákì ló ń borí.”

“Ìsáákì?”

“Èmi vote fún Sámúẹ́lì,” ni Wùmí wí, bí ẹni tó fẹ́ fi tù ú nínú.

Lọ́jọ́ kejì, Kánsọ́lá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ibi iṣẹ́, sọ́dọ̀ Àsúmáù. Mùsùlùmí ni Àsúmáù, ọ̀kan náà ni ọjọ́ orí wọn, ọdún kẹtàdínlógún sì nìyí tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ ní Forest Hill. Kò sí ọjọ́ kan tí wọn kì í ṣe ara wọn ní yẹ̀yẹ́. Kánsọ́lá á ní ẹran díndín tí Àsúmáù ń jẹ ni yóò pa á, òun kì í jẹ ju ẹja bíbọ̀ lọ. Àsúmáù á ní ẹja bíbọ̀ ló mú kí ojú Kánsọ́lá máa le bẹ́ẹ̀.

Wọ́n jọ ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì nígbà náà.

“Àsúmáù, wọ́n ní mo lóyún.”

Àsúmáù jọ̀wọ́ eteetí aṣọ tó dì mú. “Fún ta? Jọ̀ọ́, má sọ pé Mista Henderson ni.” Baba ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún ni Mista Henderson, yàrá kẹfà ló wà, ìjà oúnjẹ ló sì ń bá Kánsọ́lá jà lójoojúmọ́.

“Má fi mí ṣeré. Ẹ̀jẹ̀ tí ń yọ lára mi ni mi ò lóye. Mo ka méje, kò pé. Mo tún un kà, kò pé. Ìkórè wa sì ti kù díẹ̀.”

Ẹ̀rín kúrò lójú Àsúmáù. “Ẹ̀jẹ̀ wo? Láti ìgbà wo?”

“Oṣù kẹrin.”

“Ọdún mélòó ni tìrẹ ti dúró?”

“Mẹ́rìnlá.”

“Kánsọ́lá! Kí lo wá ń ka ọjọ́ sí? Ìyẹn kì í ṣe nǹkan oṣù.” Ó fà á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. “Wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì àwọn obìnrin ní mọ́sáláṣí. Ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù wà, ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bímọ wà, ẹ̀jẹ̀ àìsàn wà. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti àìsàn kì í dí wa lọ́wọ́ ìrun. Obìnrin á wẹ ara rẹ̀ mọ́, á ṣe àlùwàlá, á kírun, lẹ́yìn náà á gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ.”

Ọ̀rọ̀ dókítà kọ́ ni Kánsọ́lá gbọ́ níbẹ̀. Ohun tó gbọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ kan wà tí kì í dí ènìyàn lọ́wọ́ láti wọ ilé Ọlọ́run.

“Bí dókítà bá kọ ọ́ sínú ìwé pé kì í ṣe nǹkan oṣù,” ló wí, “mo lè gbé apẹ̀rẹ̀ ìkórè.”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé apẹ̀rẹ̀ yìí. Lọ́jọ́ Ìsinmi kẹta oṣù kẹsàn-án, wọ́n á to èso jọ, ìyá àgbà kan á sì gbé apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ síwájú gbogbo àwọn obìnrin. Ọdún mọ́kànlá ni Kánsọ́lá ti ń gbé e, kò pa ọdún kan jẹ. Ìdí nìyí tó fi lọ rí dókítà. Mo mọ̀ pé ó sọ fún àwọn ènìyàn pé ìlera òun lòun ń tọ́jú. Lẹ́tà ló ń wá.

Láti rí dókítà ní Peckham, aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni ènìyàn ń pe fóònù. Kánsọ́lá pè é láti ibi iṣẹ́, ó ṣe ẹni kẹtàlélógún lórí ìlà. Nígbà tó kàn án, ọmọbìnrin tó gbé e bèèrè ohun tó ń ṣe é.

“Lẹ́tà ni mo fẹ́,” ni Kánsọ́lá wí lédè Gẹ̀ẹ́sì, “sí ṣọ́ọ̀ṣì mi.”

Ọmọbìnrin náà ní àwọn kì í kọ lẹ́tà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti fẹ́ fi fóònù sílẹ̀ nígbà tí Àsúmáù já a gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. “Ẹ̀jẹ̀ ń yọ lára obìnrin yìí,” ló wí, “nǹkan oṣù rẹ̀ sì ti dúró láti ọdún mẹ́rìnlá.” Gbólóhùn kan péré. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n ní kí ó wá.

Ọ̀dọ́bìnrin ni dókítà náà. Kánsọ́lá ṣàlàyé lẹ́tà tó ń fẹ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tilẹ̀ ti kọ àpẹẹrẹ rẹ̀ sínú ìwé kí ó má bàa ṣi í kọ. Dókítà gbọ́ ọ tán, ó tẹ ikùn rẹ̀ wò, ó sì tún ibì kan tẹ̀.

“Òótọ́ lẹ sọ, ìyá. Kì í ṣe nǹkan oṣù. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní fi lẹ́tà ràn yín lọ sílé. Ilé ìwòsàn ni mò ń kọ lẹ́tà sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n á rí yín. Púpọ̀ nínú irú ẹ̀jẹ̀ yìí kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ mọ̀ dájú.”

Ohun tó jáde lẹ́nu Kánsọ́lá ni, “Wọ́n á parí rẹ̀ kí ìkórè tó dé?”

Ọlátòkunbọ̀ ló wa mọ́tò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì ń jà láti Peckham títí wọ́n fi dé ẹnu géètì. “Oṣù mẹ́ta, Mummy! Oṣù mẹ́ta! Aunty Àsúmáù sì gbọ́ kí èmi tó gbọ́? Ẹ sọ fún kàlẹ́ńdà, ẹ ò sọ fún mi?” Wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, wọ́n mú díẹ̀ lára awọ inú ilé ọmọ rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n tún ní kí ó wọ inú ẹ̀rọ ńlá kan tó ń ya àwòrán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí ó lọ máa retí.

Ó retí fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ní ọjọ́ wọ̀nyí kò ka nǹkan kan sórí kàlẹ́ńdà. Kò bá ẹnikẹ́ni wí. Mista Henderson fi ààbọ̀ oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú, Kánsọ́lá gbé àwo lọ láìsọ̀rọ̀. Baba náà fi sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú, bóyá láti dán an wò. Kò sọ̀rọ̀. Ni baba bá tẹ aago tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ránṣẹ́ pe ọ̀gá ilé, ó ní kí wọ́n wá wo Kánsọ́lá, nǹkan ń ṣe é.

Lọ́jọ́ tí èsì jáde, Ọlátòkunbọ̀ jókòó lápá ọ̀tún, Àsúmáù jókòó lápá òsì. Dókítà àgbà ilé ìwòsàn náà kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. “Kì í ṣe jẹjẹrẹ,” ló kọ́kọ́ wí. Àsúmáù ké “Alihamudulilai” tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fi ṣílẹ̀kùn wò wọ́n. Lẹ́yìn náà ni dókítà fi àwòrán hàn wọ́n. Kókó ni, irú fáíbúrọ́ìdì kan tí ọ̀rá wà nínú rẹ̀. Ó ní kò wọ́pọ̀, pé lára àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró ni àwọn ti sábà máa ń rí i, kì í sì í ṣe ohun tó ń pa ènìyàn. Èyí tirẹ̀ ti yọrí sínú ilé ọmọ, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, ó sì ti tóbi tó fi ń tẹ àpò ìtọ̀ mọ́lẹ̀.

“Kí lẹ pè é?” ni Kánsọ́lá wí.

“Ọ̀rá, ìyá. Ọ̀rá wà nínú rẹ̀.”

“Èmi? Èmi tí mi ò jẹ ẹran díndín láti ọdún 2009?”

Àsúmáù ti bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Ẹ rọra sọ ọ́. Ọ̀rá lẹ wí?”

Dókítà ṣàlàyé pé kò kan oúnjẹ tí ó ń jẹ, èmi náà sì ń tẹnu mọ́ ọn níbí fún àwọn ará Rye Lane: ẹran díndín kọ́ ló fà á, ẹja bíbọ̀ kọ́ ló fà á. Àwọn tó kàwé rẹ̀ pàápàá kò tíì mọ ìdí rẹ̀ dájú. Ó ní àwọn lè yọ ọ́ pẹ̀lú ilé ọmọ, ṣùgbọ́n níwọ̀n bí kì í ti í ṣe jẹjẹrẹ, yóò dúró lórí ìlà fún oṣù díẹ̀.

“Kò burú, mo lè dúró,” ni Kánsọ́lá wí. Ó yọ àpẹẹrẹ lẹ́tà rẹ̀ jáde nínú báàgì. “Èyí ni kò lè dúró.”

Dókítà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo Ọlátòkunbọ̀. Ọlátòkunbọ̀ wo òkè. Dókítà kọ ọ́.

Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù kí ìkórè pé nígbà tí Kánsọ́lá gbé lẹ́tà náà lọ bá Alàgbà Babátúnjí, olórí ìjọ. Ẹni jẹ́jẹ́ ni Alàgbà, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ka ìlà àkọ́kọ́, ó sì na ìwé náà jìnnà síra rẹ̀ bí ohun tó gbóná. Ó ní òun nìkan kò lè dá a pinnu, kí àwọn alàgbà jókòó. Wọ́n jókòó, ọkùnrin márùn-ún nínú aṣọ funfun, ní ọ́fíìsì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, Kánsọ́lá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, nítorí kò tíì mọ̀ bóyá ó lè wọlé. Kò sí ẹni tó fẹ́ ka lẹ́tà. Èyí ní òun kò mú awò òun wá, ìyẹn ní ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kéré jù.

“Ẹ mú un wá,” ni Kánsọ́lá wí. “Màá kà á.”

Ó kà á láti ibi tó dúró sí, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ, pẹ̀lú ohùn tó fi ń bèèrè pé “Ṣé o mọ́?” Nígbà tó dé ibi ilé ọmọ, alàgbà kan wúkọ́. Nígbà tó dé ibi tí kókó ti yọrí sínú rẹ̀, èkejì ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó wọ bàtà nínú wọn. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti fi bí kókó náà ṣe tóbi tó hàn wọ́n.

“Màmá, ó ti yé wa,” ni Alàgbà Babátúnjí wí. “Àìsàn ni. Kì í ṣe ohun tí òfin sọ. Ẹ wọlé. Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ yín.”

“Ó ku ìpínrọ̀ kan.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ wọlé.”

“Alàgbà, bí a bá bẹ̀rẹ̀ ìwé, a gbọ́dọ̀ parí rẹ̀.” Ó kà á títí dé ibi tí dókítà fọwọ́ sí.

Lọ́jọ́ ìkórè, ó gbé apẹ̀rẹ̀: ọ̀pẹ̀-òyìnbó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn, pẹ̀lú kókó tó ṣì wà níkùn, àmùrè tí kò wé tán, àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán lórí kápẹ́ẹ̀tì. Wùmí ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí Kánsọ́lá ṣe fẹ́ kọjá, ọmọ náà wò ó, ó ní, “Mummy, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n bi gbogbo ènìyàn. Ṣé ẹ mọ́?”

“Mo mọ́. Lẹ́tà wà ní báàgì mi. O bèèrè dáadáa, ṣùgbọ́n ohùn rẹ ti ròkè jù.”

Nígbà tí wọ́n gbé máíkù fún un láti dúpẹ́, gbogbo ènìyàn retí orin. Ó ní: “Ẹ̀yin ìyá, mi ò lóyún. Àìsàn ni. Ẹ̀yin tí nǹkan oṣù yín ti dúró fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, bó ṣe ẹ̀kán kan péré, ẹ má ka ọjọ́ méje. Èmi kà á fún oṣù mẹ́ta, ìwà òmùgọ̀ ni mo hù. Ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.” Àwọn ọkùnrin tẹjú mọ́ àjà. Ẹni tó ń tẹ dùùrù kò mọ orin tó yẹ kó tẹ̀ lé e, ló bá tẹ ti Kérésì.

Wọ́n yọ kókó náà ní oṣù kejì ọdún yìí. Ó tó orí ọmọ tuntun, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kánsọ́lá ti padà sí Forest Hill, Mista Henderson sì ti ń jẹun tán. Àga ṣiṣu mẹ́ta náà ti kúrò nídìí garawa. Abẹ́ òrùlé ni wọ́n wà báyìí, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gbé ìwàásù jáde síta. Kánsọ́lá ló ní kí wọ́n so ó, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni yìn ín fún un.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ìkórè ni mo fẹ́ kí ẹ máa sọ ní Rye Lane. Kánsọ́lá jáde síbi mọ́tò rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, ó bá àwọn ìyá àgbà mẹ́ta tí wọ́n dúró síbẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe bí ẹni pé atẹ́gùn lòun ń gbà. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ló fọhùn.

“Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà, láti ọdún tó kọjá lèmi ti ń ka tèmi. Kí lẹ ní kí ènìyàn sọ fún ọmọ tó ń gbé fóònù?”

Kánsọ́lá tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò. Ó kọ́ wọn ní gbólóhùn Àsúmáù, lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye ọdún tirẹ̀. Ó ní kí wọ́n tún un sọ. Ó ní kí wọ́n má fi “ẹ jọ̀ọ́” bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má sì dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì rárá. Àwọn tó ń fọ mọ́tò ti pa omi láti gbọ́.

“Ó kù díẹ̀,” ni Kánsọ́lá wí fún ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. “Ẹ tún un sọ. Aago mẹ́jọ ọ̀la ni o, kì í ṣe mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.”